Wọ́n Ní Ká Máa Lọ Sílé, Ọkàn Ọkọ Mi Sì Ń Kú Lọ

Allahu Akbar! Ẹ bá mi gbé e! Allahu Akbar! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mi ò gbóhùn yín o. Allahu Akbar!

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó ń dá ẹ̀mí padà sára nígbà tí dókítà ti kọ̀wé pé kò sí nǹkan kan. Alhamdulillahi! Ẹ̀yin Àfáà wa, mo kí yín. Ìyá Àdínì, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Islam, asalamu alaykum.

Rábíátù lorúkọ mi. Ìyá Kudi lọ̀pọ̀ nínú yín ń pè mí. Cheverly, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, là ń gbé. Ọkọ mi, Mudaṣírù, òun ló jókòó síbi ògiri yẹn, tó dé fìlà funfun. Ẹ wò ó dáadáa. Ó ń mí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í pé mò ń nawọ́ sí i. Ní oṣù keje tó kọjá yìí, ọkàn tó wà nínú àyà yẹn dúró. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ó dúró!

Kí n tó bọ́ síwájú yín, Àfáà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní, "Ìyá Kudi, ọpẹ́ lẹ fẹ́ wá dá o. Ẹ fi ìbínú sílé." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Àfáà." Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ foríjì mí, ìbínú ọ̀hún bá mi wọ mọ́tò wá. Mò ń dúpẹ́, inú sì ń bí mi, Ọlọ́hun tó dá mi sì mọ̀ pé inú èèyàn kan lè gba méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ní Ìbàdàn, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ọkọ mi kọ́. Ó lọ sí Poli, ó gbàwé ẹ̀rí, ó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn èèyàn pàtàkì. Nígbà tá a dé ìhín, wọ́n ní ìwé yẹn ò jẹ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn. Àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé tuntun sí lápá Upper Marlboro ló gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni wọ́n ní kó máa gbé. Ọ̀pá àti àdá. Òun ló ń wọ igbó ṣáájú, tó ń ṣán ọ̀nà, kí ẹni tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ lè ríran kọjá. Èèyàn kúrò ní Ìbàdàn, ó wá ń fi àdá ṣán igbó ní Amẹ́ríkà. Kò ráhùn. Ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́.

Nínú oṣù kẹfà, ó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní kí n bá òun wo ẹ̀yìn itan òun, pé ó ń yún òun díẹ̀. Mo wò ó. Mo rí nǹkan roboto kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò pupa. Ẹ gbọ́ mi o, kò pupa! Ó kàn dúdú ju ara rẹ̀ yòókù lọ ni, bí ibi tí èèyàn ti fara gbá nǹkan, etí rẹ̀ wá yí po bí òrùka.

Mo ní, "Làpálàpá ni."

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Mo gbé ìpara tí mo fi ń pa orí Kudi, mo fi pa á. Mo tún ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà tó lápálàpá.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Orí ń fọ́ ọ, oríkèé ń ro ó, òógùn ń bò ó. Àwa ọmọ Nàìjíríà, kí la máa ń pe irú ẹ̀? Ibà! Ẹ ṣeun. Mo lọ tú àpò tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti ilé, mo rí oògùn Nifakúìn níbẹ̀, mo fún un lò. Ara lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó tún padà. Ni mo bá ní ká lọ rí dókítà.

Dókítà tá a bá ní kílíníìkì, ọmọdé ni, òyìnbó, ojú rẹ̀ tutù. Ó ṣí fáìlì, ó wo orúkọ, ó bi ọkọ mi pé, "Níbo lẹ ti wá?"

Ọkọ mi ní, "Cheverly."

Ó ní, "Rárá, mo ní ibi tẹ́ ẹ ti wá gan-an."

Ọkọ mi ní Nàìjíríà ni.

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, àtìgbà yẹn ni dókítà ò ti rí ọkọ mi mọ́. Áfíríkà ló ń wò. "Ìgbà wo lẹ lọ sílé kẹ́yìn?" Ọkọ mi ní ó ti pé ọdún mẹ́fà. "Ṣé ó dá yín lójú?" Ó dá a lójú! Ṣé èèyàn lè lọ sí Nàìjíríà kó má mọ̀ ni? Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá ibà ẹ̀fọn, wọn ò rí i. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wá éèdì, wọn ò rí i. Wọ́n gún un lápá, wọ́n wá ikọ́ ife, wọn ò rí i. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo itan rẹ̀." Ó wò ó bí ẹni ń wo aago. Ó pe làpálàpá lóyìnbó, ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó sì kọ ìpara fún wa.

Inú mi dùn! Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ ayé? Inú mi dùn pé ohun tí mo sọ náà ni dókítà sọ.

Subuhanallahi.

Ara gbígbóná yẹn lọ fúnra ẹ̀. A ní ó ti tán. Àṣé ó ti fi awọ sílẹ̀, inú ló ń lọ. Nígbà tí oṣù keje wọlé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú u. Bó bá dìde, ilé á máa yí i lójú. Bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́rin, èémí ò ní délẹ̀. Ó sì fi í pa mọ́ fún mi! Bàbá Kudi, ẹ má wolẹ̀, ẹ wò mí. Ẹ fi pa mọ́ fún mi. Ẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bà á. Mi ò mọ̀ àfìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ mí láago lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Sọ fún ọkọ rẹ pé tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́, kó wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá a lábẹ́ igi lónìí, tó jókòó."

Ọ̀lẹ ló pè é. Ọkùnrin tí kò pa iṣẹ́ jẹ rí láti ọdún mẹ́rin! Kò bi í pé kí ló ń ṣe ọ́ tó o fi jókòó. Ọ̀lẹ!

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹbí nìyí. Alhaja Sáúdátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Lake Arbor, wọ́n wà níbí. Alhaja, ẹ jókòó, ẹ má dìde. A ti jọ sọ ọ́ nílé pé màá sọ ọ́ níbí, ẹ sì ti yọ̀ǹda fún mi. Wọ́n wá wo àbúrò wọn lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n rí bó ṣe rù. Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ojú lásán." Wọ́n kọjú sí mi nínú pálọ̀ mi, wọ́n ní, "Rábíátù, kí lo fún àbúrò mi jẹ?"

Kudi, ọmọ mi obìnrin, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Yorùbá ò fi bẹ́ẹ̀ yé e, ṣùgbọ́n ìyẹn yé e. Nígbà tí àǹtí ẹ̀ lọ tán, ó bi mí lóyìnbó pé, "Mọ́mì, kí lẹ fún Dádì jẹ?" Kí ni kí n fọmọ dá lóhùn? Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, kí lẹ máa sọ?

Ẹ̀yin kan náà sọ ọ́. Mo mọ̀ yín. Mi ò ní dárúkọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Lẹ́yìn àṣàlátù, níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà, ẹ ní ó dà bíi pé ọwọ́ ìyàwó wà ńbẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mò ń so okùn bàtà ọmọ mi lọ́wọ́. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. N kò dákẹ́ lónìí.

Alhaja ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ní Sátidé tó ń bọ̀ ni Mudaṣírù máa lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n lọ tọ́jú ẹ̀ nílé. Ọlọ́hun ò jẹ́! Dókítà sọ fún wa nígbà tó yá pé ká ní ó wọ ọkọ̀ yẹn ni, òkú ni wọn ì bá gbé sọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo bá ọkọ mi lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Àpò ìrẹsì kékeré kan ló gbé. Ó gun àtẹ̀gùn kan, ó dúró. Ó gun òmíràn, ó dúró, ó gbá ògiri mú. Ètè rẹ̀ ti dà bí eérú. Mo gba àpò lọ́wọ́ ẹ̀, mo di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àràárọ̀ ni mò ń ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù. Mo wo aago mi, mo kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko.

Méjìdínlógójì.

Mo ní mo ṣì í kà ni. Mo tún un kà. Méjìdínlógójì! Ẹni tí ara ẹ̀ yá, ọkàn rẹ̀ á lù tó àádọ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ti ka ti arúgbó tó ń kú lọ rí, kò lọ sílẹ̀ tó yẹn. Mo ní, "Bàbá Kudi, ẹ wọ mọ́tò." Ó ní kí n jẹ́ kóun kọ́kọ́ kí ìrun Àsárì. Mo ní nínú mọ́tò lẹ máa kí i.

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù tá a lọ. A jókòó síbi àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jẹ́ kánjúkánjú, a jókòó títí àga fi gbóná lábẹ́ wa. Nígbà tí dókítà máa yọ, bípà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pe dókítà, ń dún níbàdí ẹ̀, kò ráyè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi ọkọ mi ni pé, "Ṣé o máa ń lo kokéènì?"

Ọkọ mi ní rárá.

Ó tún un bi. Rárá. Ó wá ní kí èmi bọ́ síta díẹ̀, bóyá ó ń bẹ̀rù ìyàwó ẹ̀. Kokéènì! Ọkùnrin tí kì í fi bíà kan ẹnu! Wọ́n ní kó tọ̀ sínú ife, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, omi lásán ni. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n tẹ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù jáde lórí ìwé. Ẹ wá wo àrékérekè àìsàn yìí. Lásìkò yẹn gan-an, ọkàn náà ti yára díẹ̀. Ó ń lọ ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Dókítà ní, "Ọkàn àwọn tó ń ṣiṣẹ́ agbára máa ń rọra lù. Ooru ló mú un. Kó lọ máa mu omi."

Mo ní, "Dókítà, méjìdínlógójì ni mo kà nílé."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kà á?"

"Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ò mọ bí ẹ̀rín yẹn ṣe rí. Ó ní, "Madam, ẹ̀rọ wa ò lè ṣe àṣìṣe." Ó fọwọ́ síwèé, ó ní ká máa lọ sílé.

Wọ́n gbé ọkọ mi sórí àga onítáyà, wọ́n tì í dé ẹnu ọ̀nà, pé kí n lọ gbé mọ́tò wá. Mo fẹ́ máa lọ. Mo fi Ọlọ́hun búra, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo kàn tún di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú ni, mo kà. Méjìlélọ́gbọ̀n.

Mo yí àga yẹn padà.

Mo tì í dé iwájú obìnrin tó ń gbàwé. Mo ní kó pe dókítà. Ó ní wọ́n ti ní ká máa lọ. Mo ní kó pe dókítà. Ó ní, "Ma, àwọn mìíràn ń dúró." Ni mo bá ti àga onítáyà sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọ inú, mo gbé bíréékì sí i, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, mo gbá a mú. Èmi Rábíátù, tí mo máa ń bẹ èèyàn kí n tó béèrè ọ̀nà! Mo pariwo. Mo pariwo ní Yorùbá, mo pariwo lóyìnbó. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò ní gbabí kọjá àfi tẹ́ ẹ bá ka ọkàn ọkọ mi!" Ọkọ mi ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Rábí, dìde, ojú ń tì mí." Mo ní kí ojú máa tì yín, kẹ́ ẹ ṣáà wà láàyè!

Wọ́n pe sikiọ́rítì. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará ibí ni, ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Ó ní, "Ma, ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ lé mi. Ẹ gbé mi jù síta. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibí yìí, kẹ́ ẹ wo aago yín, kẹ́ ẹ kà. Ìṣẹ́jú kan péré. Tó bá ju ogójì lọ, màá fẹsẹ̀ ara mi rìn jáde."

Ó wò mí. Ó wo ọkọ mi. Ohun tó sọ fún ara ẹ̀ nínú, Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin ńlá yẹn kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú mi, ó fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ Mudaṣírù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè. Ó dé ogún, mo ń wo ojú ẹ̀, ojú ẹ̀ ń yí padà. Ó dé méjìdínlọ́gbọ̀n, ìṣẹ́jú ti fẹ́ẹ̀ pé. Ó ní, "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n." A dúró de ọgbọ̀n.

Ọgbọ̀n ò dé.

Orí ọkọ mi ṣubú sẹ́yìn, ojú ẹ̀ yí sókè. Ọkùnrin yẹn kígbe tó mi ilé, ó ní, "Ó ti dúró! Ọkàn rẹ̀ ti dúró lábẹ́ ọwọ́ mi!" Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọkọ mi sápá bí ẹni gbé ọmọdé, ó fi ẹ̀yìn gbá ilẹ̀kùn ṣí, ó sáré wọlé. Dókítà tó ní omi ni ká máa mu, òun náà wá ń sáré.

Lā ilāha illa llāh! Ẹ bá mi wí i!

Ọkàn náà tún lù. Ó lù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó tún ń ṣe bí ẹni fẹ́ sùn. Wọ́n gba iṣan ọrùn ẹ̀ ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé inú ọkàn, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ yẹn ló ń ta ọkàn jí kó lè máa lù. Lẹ́yìn náà ni dókítà tó ń tọ́jú ọkàn wá. Obìnrin ni, ó ti dàgbà, ó kúrú, irun ẹ̀ funfun báláú. Ó fa àga, ó jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́kọ́ bi mí.

Ó ní, "Iṣẹ́ wo ni ọkọ yín ń ṣe?"

Mo sunkún. Láti oṣù kẹfà, ẹnikẹ́ni ò bi wá! Wọ́n bi wá nípa Nàìjíríà, wọ́n bi wá nípa kokéènì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bi mí nípa oúnjẹ. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè pé níbo ni ọkùnrin yìí ń lọ láràárọ̀ Ọlọ́hun. Mo ní igbó ló ń ṣán, ní Upper Marlboro, fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé nǹkan kan yọ sí i lára?" Mo ní làpálàpá ni, lẹ́yìn itan. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ júwe ẹ̀ fún mi. Ṣé ó yí po?" Mo ní bí òrùka.

Ó ní, "Kì í ṣe làpálàpá. Eégbọn ló bù ú jẹ."

Eégbọn! Eégbọn tá à ń já lára ajá nílé! Ó ní irú tibí kéré, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ara àgbọ̀nrín àti eku ló ń gbé, ó ń gbé kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Láìmù ni wọ́n ń pe àìsàn ọ̀hún. Ó ní kì í sábà dé ọkàn, ṣùgbọ́n ó ti dé ti ọkọ mi. Ó yà á fún mi lórí bébà. Ó ní apá òkè ọkàn ló máa ń pàṣẹ fún apá ìsàlẹ̀ pé kó lù. Kòkòrò yìí ti dí ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà. Òkè ń pe ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ò gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń lù, tó fi ń dúró.

Ẹ rí i, ẹ̀yin èèyàn mi? Wọ́n wá àìsàn ọkọ mi dé Nàìjíríà. Wọ́n wá a dé ilé kokéènì. Inú igbó tiwọn níbí ló wà, wọ́n sì mọ orúkọ ẹ̀! Àwọn òyìnbó máa ń wá a lára ara wọn, lára ajá wọn! Àgbà ní eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, adìẹ ò gbọdọ̀ já a. Adìẹ ni mo jẹ́ níwájú dókítà yẹn, mo rí i, mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo já a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà mìíràn gbé fọ́ọ̀mù wá, pé kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n la àyà ọkọ mi, kí wọ́n ri ẹ̀rọ kan mọ́ ọn lára títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì! Mo ní ẹ pe ìyá onírun funfun fún mi. Ó dé, ó ka fọ́ọ̀mù, ó ní, "Ẹ fún oògùn láyè. Tó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, ọkàn yìí á ran ara ẹ̀ lọ́wọ́." Wọ́n ń fa oògùn sí i lára lójoojúmọ́. Mo jókòó tì í. Mò ń pe Ọlọ́hun, mò ń ka nọ́ńbà.

Alhaja wá, tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú báàgì wọn. Mo ní kí dókítà sọ ọ́ fún wọn lójú mi. Wọ́n ní, "Eégbọn? Eégbọn lásán?" Lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé, mo gbá wọn mú. Mo ní, "Alhaja, mo ti dárí jì yín. Kudi lẹ máa bẹ̀, ní èdè tó yé e." Wọ́n sì ṣe é. Wọ́n jókòó ti ọmọ yẹn, wọ́n sọ ọ́ lóyìnbó pé, "Màmá ẹ ò fún Dádì ní nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe." Ọlọ́hun á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, Alhaja. Ó ṣòroó ṣe, ẹ sì ṣe é.

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọjọ́ karùn-ún, ọkàn ń gbìyànjú. Ọjọ́ kẹjọ, ìyá onírun funfun wọlé, ó ní òun fẹ́ pa ẹ̀rọ. Mo di ọrùn ọwọ́ ọkọ mi mú. Ó pa á. Mo kà. Ó ń lù! Kò sí ẹ̀rọ, kò sí nǹkan kan, ó ń lù! Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Omi ń já lójú mi, mo ṣáà di ọwọ́ yẹn mú. Ọkọ mi wá rọra wí pé, "Rábí, ọwọ́ ń dùn mí o."

Alhamdulillahi Rabbil alamin! Wọ́n yọ wáyà lọ́rùn ẹ̀. Wọn ò la àyà ẹ̀. Wọn ò ri ẹ̀rọ kankan mọ́ ọn lára. Ó lo oògùn tó kù nílé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó lọ, wọ́n ní ọkàn ẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ọ̀gá rẹ̀ pè, ó ní kó padà wá. Ọkọ mi ní ó ṣeun, òun ti ń kàwé fún ìdánwò àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀pá ló tún máa gbé.

Mo padà lọ bá dókítà kékeré ní kílíníìkì. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀. Mi ò fi sílẹ̀. Ó gbé ìwé ńlá kan jáde, ó fi àwòrán hàn mí, itan òyìnbó, ibi tó pupa yí po bí ata. Ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyí." Mo na apá mi sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán yẹn. Mo ní, "Dókítà, níbo ni pupa ti máa hàn lára èyí?" Ó wo apá mi. Ó ní, "Mi ò tíì rí i lára èèyàn dúdú rí."

Mo ní, "Ẹ ti rí i. Ẹ rí i lóṣù kẹfà. Làpálàpá lẹ kọ."

Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní kí n má bínú. Mo ní màá ṣì bínú díẹ̀ sí i, kó lè rántí mi nígbà tí aláwọ̀ dúdú mìíràn bá wọlé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin sikiọ́rítì yẹn, tí wọ́n pè kó wá lé mi, tó kúnlẹ̀. Ọlọ́hun á máa la ọ̀nà fún un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá onírun funfun tó bèèrè iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbàdúà fún wa, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹnu kàn mí, mo ti dárí jì yín, ẹ má tún un ṣe fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú igbó, tẹ́ ẹ ń gé koríko fún wọn, ẹ máa yẹ ara yín wò tẹ́ ẹ bá délé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ bá mi wo awọ dúdú dáadáa. Ẹni tí nǹkan ń ṣe lónìí, tí dókítà ní kò sí nǹkan kan, tó sì mọ̀ lára ara ẹ̀ pé nǹkan wà: Ọlọ́hun tó dá ọkàn Mudaṣírù padà ò ní gbàgbé ẹ. Má sọ̀rètí nù. Má sì kàn jókòó sílé máa sunkún. Lẹ́yìn àdúà, ẹ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọsibítù tó wù kó jẹ́, èmi yóò bá yín lọ. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó síbẹ̀.